Ọdún Mẹ́fà Lórí Káńtà: Bí Iṣẹ́ Báńkì Ńlá Ṣe Rí Lójú Télà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, kò tíì jókòó tó fi na fóònù sí mi. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ báńkì. "Àǹtí, báńkì yín náà ni o!" Mo ní kì í ṣe báńkì mi mọ́, mo ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti 2024. Ó ní kí n ṣáà sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún òun. Ìrẹsì wà lórí iná lọ́jọ́ náà, ohun tí mo sọ fún un kò kún tó. Èyí tó kún rèé, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

N kò ní dárúkọ báńkì náà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó tóbi, pé ó ní ẹ̀ka káàkiri Nàìjíríà, àti pé ẹ ti rí ìpolówó rẹ̀ títí ó fi sú yín. Ẹ̀ka tí mo ti ṣiṣẹ́ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí a ti ń gbóhùn àwọn tó ń polówó aṣọ ní Balógun. Télà báńkì ni mí, kì í ṣe aránṣọ o, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tó sì ń san án fún wọn lórí káńtà, láti 2018 títí di 2024. Ọdún mẹ́fà, káńtà kan náà, àga kan náà tí apá rẹ̀ kan ti kán tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù wé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa, kí ẹnì kan má lọ sọ pé ìkanra ni mo fi ń kọ̀wé. Owó oṣù kì í pẹ́. Nínú gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn, alẹ́ẹ̀tì kì í kọjá ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n kó tó dún lórí fóònù mi. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe tíṣà nílé ìwé aládàáni, kí wọ́n sọ bí èyí ṣe níyì tó fún yín. Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ará Èkó àti ará Ògùn jókòó sílé láti 30 oṣù kẹta 2020, owó mi pé. Owó ìfẹ̀yìntì ń lọ síbi tó yẹ kó lọ: wọ́n ń yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lára tèmi, agbanisíṣẹ́ ń fi ìdá mẹ́wàá kún un bí òfin ṣe wí. Káàdì ìtọ́jú ìlera tí wọ́n fún mi ni mo fi bí ọmọ mi kejì, a kò san kọ́bọ̀ lọ́sibítù.

Iyì náà wà ńbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kì í pè mí lórúkọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, "ìyàwó wa tó ń ṣiṣẹ́ báńkì" ni. Lánlọ́ọ̀dù wa ní Ìkòròdú ti kọ ẹni méjì tó fẹ́ gba ilé náà ṣáájú wa. Ìgbà tó gbọ́ báńkì ló tó rẹ́rìn-ín. Kò mọ iye tí wọ́n ń san fún mi. Mo wọ kóòtù, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì dúdú, bàtà mi ń dán, ta ni yóò bi mí?

Ẹni tó bá rò pé aago mẹ́jọ ni iṣẹ́ báńkì ń bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti mọ báńkì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń kúrò nílé, mo ń tò fún bọ́ọ̀sì BRT tó ń lọ sí TBS (Tafawa Balewa Square) ní Erékùṣù Èkó, kí n lè wà lórí àga mi ní aago méje. Call-over là ń ṣe láàárín aago méje sí mẹ́jọ. Gbogbo ìwé owó tí a gbà àti èyí tí a san lánàá, a ó mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á máa pe nọ́ńbà, ẹnì kejì á máa wò ó nínú kọ̀ǹpútà bóyá ó bára mu. Àwọn oníbàárà, ìwé tí wọ́n fi ń san owó síbẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní télà. Bàbá kan ní, "Ẹ fún mi ní télà kan." Mo ní èmi rèé, sà. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi náà kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn la ó lọ gba owó ní yàrá ìkówósí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, ẹnì kan kò lè dá a ṣí, ìbáà jẹ́ mánéjà. Wọ́n á ka owó lé mi lọ́wọ́, n ó bu ọwọ́ lùwé. Láti ìgbà tí mo bá ti bu ọwọ́ lù ú, owó yẹn ti di ẹrù mi. Ìdì kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹyọ: ìdì ẹgbẹ̀rún náírà jẹ́ ₦100,000, ìdì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà jẹ́ ₦50,000. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀kùn ń tì, kì í ṣe iṣẹ́. A ó ka owó, a ó ṣà á: èyí tó ṣì lágbára fún ATM lọ́tọ̀, èyí tó ti rún lọ́tọ̀, èyí tó ti ya lọ́tọ̀. Owó ẹlẹ́ja máa ń tutù, owó aláta máa ń mú ojú ta ni. Mo ti bá irun, èékánná àti abẹ́rẹ́ nínú owó rí. Ṣùgbọ́n n ó sọ òtítọ́, mo fẹ́ràn apá yìí nínú iṣẹ́ náà. Ó dé ìgbà kan tí ọwọ́ mi ń mọ ayédèrú kí ojú mi tó rí i, torí ìwé owó gidi máa ń hán lọ́wọ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ̀wé lé e lórí, ayédèrú á sì máa yọ̀ bíi bébà ìwé ọmọ ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó lè gba ìmọ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Ní ọjà báyìí, bí wọ́n bá fún mi ní ṣéǹjì, àtàǹpàkò mi á ti wò ó kí n tó mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Lẹ́tà tí mo gbà ní 2018, orúkọ báńkì kò sí lórí rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń bá báńkì kó òṣìṣẹ́. N kò kà á sí nǹkan kan. Ṣebí inú báńkì ni n ó jókòó sí, ṣebí owó báńkì ni n ó máa kà? Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo gbọ́ pé àwa là ń jẹ́ kọ́ńtíráàtì, àwọn tí báńkì fọwọ́ ara rẹ̀ gbà ń jẹ́ core. Àwọ̀ okùn káàdì tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ̀yin oníbàárà kò lè mọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ara wa, ọrùn là ń kọ́kọ́ wò kí á tó kí ènìyàn. ₦72,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ọmọkùnrin core kan tí wọ́n gbé wá jókòó tì mí láti kọ́ṣẹ́ ń gba bí ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń ka owó.

Wọ́n ní ìdánwò kan wà tí kọ́ńtíráàtì lè ṣe kó fi di core. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní máàkì mi kù díẹ̀. Nígbà tí n ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ọjọ́ orí mi ti kọjá. Orí káńtà wọn ni mo ti dàgbà kọjá rẹ̀ o! Ní Kérésì 2019, àwọn core gba owó oṣù kẹtàlá, àwa gba kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà náà dára, ó ṣì wà lára ògiri kíṣìnì mi, àwòrán odò kan wà lórí rẹ̀.

N kò sọ pé ayé dẹ àwọn core náà. Àwọn tó ń wá owó fún báńkì lóde, mo ti rí i tí arábìnrin kan ń sunkún ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítorí iye tí wọ́n ní kó mú wọlé kí oṣù tó parí. Kálukú ló ní tirẹ̀. Tèmi ni mo ń sọ.

Tèmi ni ṣọ́tééjì, ìyẹn kí owó tó wà lọ́wọ́ télà dín nígbà tó bá ń pa á dé. Oṣù kọkànlá 2021, ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán gangan, èrò kún bámúbámú. Iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ó gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ọkùnrin kan wà níwájú mi tó fẹ́ gba ₦100,000, ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni òun fẹ́. Ìdì méjì nìyẹn. Mo na ọwọ́ sínú àpótí, mo mú ìdì méjì, mo tì í sí i lábẹ́ gíláàsì. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ìrọ̀lẹ́ dé, mo ń pa owó mi dé, ó dín ₦100,000. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ mi bá mi kà á. A kó gbogbo ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, mo tún tú báàgì oúnjẹ mi wò bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Nígbà tí wọ́n wo kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ yé wa: ìdì ẹgbẹ̀rún ni mo mú fún un, méjèèjì.

Wọ́n pè é. Ó ní iye tí òun béèrè ni òun gbà, kò lé kò dín. Lọ́jọ́ kejì fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo gba kúérì, mo dá a lóhùn. Gbogbo wọn ló gbà pé àṣìṣe ni, kò sẹ́ni tó pè mí lólè, wọ́n tilẹ̀ ń pè mí ní "dear". Wọ́n ṣáà yọ ₦25,000 lára owó oṣù mi fún oṣù mẹ́rin. Ohun tó gbà mí ni àjọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa télà ń dá àjọ láàárín ara wa nínú báńkì, ₦10,000 lóṣù, a kì í jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Ẹni tó kàn láti kó o fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní òun á kó tèmi nígbà tó bá kàn mí.

Kí gbèsè náà tó tán, ọjọ́ kan dé tí owó mi lé ₦20,000. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fà á lé wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo wá béèrè bóyá wọ́n lè fi dín gbèsè mi kù. Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó béèrè ẹran lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti yé mi: bí owó bá dín, tèmi ni, bó bá lé, ti báńkì ni.

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló dà bí ọkùnrin yẹn. Màmá aláṣọ kan wà tí mo fi ₦40,000 lé owó rẹ̀. Kí n tó dé níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti dúró sẹ́nu géètì pẹ̀lú owó náà nínú ọ̀já rẹ̀. Kò rọra sọ̀rọ̀ fún mi o. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n fi owó ẹlòmíràn dá ọjà ni?" Ó bú mi dáadáa, ó ní bí mo bá fẹ́ sùn, ilé ni kí n ti máa sùn. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá wà lórí ìlà, ara mi á balẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á dé 2023, torí ẹni tó bá ní òun fẹ́ ṣe télà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè fara da irú oṣù mẹ́ta yẹn. Ní oṣù kẹwàá 2022 ni báńkì àpapọ̀, CBN, kéde pé àwọn máa pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 15 oṣù kejìlá. Ògbólógbòó gbọ́dọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀ ní 31 oṣù kìíní. Wọ́n tún sún un sí 10 oṣù kejì. Nígbà tí ará ọjà rí ẹgbẹ̀rún tuntun náà, wọ́n ní ìjọba kò tẹ owó, ó kàn ti tàtijọ́ bọ aró. Ẹ̀rín tán nígbà tí àwọn ènìyàn kó ògbólógbòó wọlé nínú àpò Ghana-must-go, tí tuntun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀ kò sí. Èyí tí wọ́n bá gbé wá fún ẹ̀ka wa lówùúrọ̀, kì í kọjá aago mẹ́wàá. ₦5,000 ni à ń san fún ẹnì kan, lọ́jọ́ mìíràn ₦2,000. Oníṣòwò tó ní mílíọ̀nù mẹ́rin nínú àkáǹtì, kó tò láti aago márùn-ún ìdájí, kó gba ₦2,000!

Wọ́n gbá gíláàsì mi. Wọ́n tutọ́ sí i. Bàbá arúgbó kan tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò pariwo rárá, ó kàn jókòó sílẹ̀ níwájú káńtà, ó ń wò mí. Òun ni n kò lè gbàgbé. Mánéjà ń gba ẹ̀yìn jáde, èmi kò ní ẹ̀yìn tí n ó gbà. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n dáná sun báńkì ní Ṣàgámù, a bẹ̀rẹ̀ sí í fi bùbá àti ìró wá síbi iṣẹ́, kóòtù wà nínú ọ̀rá.

Ní 3 oṣù kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí ògbólógbòó owó ṣì máa ná títí di 31 oṣù kejìlá 2023. Àwọn ènìyàn gbọ́ ọ lórí rédíò kí n tó wọ BRT délé. Ṣùgbọ́n CBN kò sọ̀rọ̀ títí di 13 oṣù náà. Fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, oníbàárà ń gbé ìwé ìròyìn lé gíláàsì fún mi kí n kà á, èmi ń dúró de íméèlì.

Àwọn aládùúgbò mi rò pé owó wà nílé wa. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni Ìyá Ìbejì tó wà ní fúláàtì kejì kan ilẹ̀kùn, ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbóná, kẹ́míìsì kò gba tiránsífà torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dákú. ₦700 ló wà nínú báàgì mi. Mo fún un ní ₦500. Ó wo owó náà, ó wò mí, ó ní "Ẹ ṣé, ìyàwó báńkì." Títí dòní, bó bá ń kí mi, ẹnu lásán ni. Kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, èmi tí mo ń ka mílíọ̀nù lọ́sàn-án, mo san ₦3,000 fún oní-POS nírọ̀lẹ́ kí n tó rí ₦10,000 gbà. Ní ìparí gbogbo rẹ̀, íméèlì ìdúpẹ́ kan dé láti orílé-iṣẹ́. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí àwọn core. Ọmọkùnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ló fi tirẹ̀ hàn mí.

Tágẹ́ẹ̀tì ló wá parí ẹ̀. Télà náà ní tágẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ní kó mú wá dandan: kó ṣí àkáǹtì ogún lóṣù, kó tún mú kí oníbàárà gba káàdì àti áàpù. Mo ti ṣí àkáǹtì fún gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tán, bí mo bá ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìyá á yà sọ́nà mìíràn. Ní oṣù kẹta 2024, CBN ní kí owó ìdásílẹ̀ báńkì tó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun di ₦500 bílíọ̀nù, ti Nàìjíríà nìkan ₦200 bílíọ̀nù, kí wọ́n rí i ṣe kó tó di 31 oṣù kẹta 2026. Bàbá tó ń tọ́jú yàrá ìkówósí kàn mi orí. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ ní 2004, nígbà tí wọ́n ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù: báńkì 89 ló wọ inú rẹ̀, 25 ló jáde ní ìparí 2005. Ó ní rédíò ni òun ti gbọ́ pé wọ́n ti gbé báńkì òun mì.

Wọ́n wá ní kí àwa télà máa bẹ oníbàárà kí wọ́n ra ìpín báńkì. Mo bá màmá aláṣọ sọ ọ́. Ó bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́, mélòó lo rà?" Mo ní n kò rà. Ó ní kí ló dé, ṣebí báńkì rẹ ni? Mo ń wo káàdì tó wà lọ́rùn mi, n kò mọ èsì tí n ó fọ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kó wa wá ni mo kọ ọ́ sí, torí báńkì ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ni kí n kọ ọ́ sí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan fún alẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún àtàǹpàkò mi. Àwọn télà ẹgbẹ́ mi ni ì bá gba márààrún, ṣùgbọ́n báńkì kọ́ ló ni wọ́n.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù wá kí n wo lẹ́tà náà dáadáa. Mo fi ìka sí òkè rẹ̀. Orúkọ tó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti báńkì. Mo ní kó béèrè ta ló ń san ṣọ́tééjì, àti pé ṣé iye kan wà tí wọn kì í yọ kọjá lóṣù. Mo ní kó béèrè ọjọ́ orí tí ìdánwò core ń parí sí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tètè ṣe é. Ó dákẹ́. "Àǹtí, ṣé kí n má lọ ni?" Mo bi í bóyá iṣẹ́ mìíràn wà tó ń dúró dè é. Ó ní rárá, odindi ọdún méjì lòun ti ń wá.

Ìrẹsì ti ń jóná. Mo pa gáàsì, mo wọ yàrá, mo mú bàtà dúdú mi jáde, èyí tí kò ní gìgísẹ̀. Ó fẹ̀ fún un díẹ̀ níwájú. A ya bébà, a ká a sínú rẹ̀, ó rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀, ó ní ó ti bá òun mu. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń bẹ̀rẹ̀.